Nọ́ńbà Kẹtàdínlógójì

Mo ní ọmọ méjìlélọ́gọ́rin tí n kò bí:
fóònù mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́kàndínlógún.
Mo lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lẹ́yìn,
mo kọ orúkọ ẹni tó gbé wọn sínú ìwé,
nítorí ohun tí a kò bá kà, a kò lè mọ̀ pé ó sọnù.

Láti yàrá kan lókè ilé ìkóbìsí, ní Mákùn, Ṣágámù,
níbi tí òórùn ewé gbòdògì ti ń gba ojú fèrèsé wọlé,
mo ń ṣọ́ wọn lójú gíláàsì.
Àwọ̀ ewé: ara dá.
Pupa: ẹnìkan tún ti sún àtúnṣe síwájú di ọ̀la.
Ọ̀la yìí ti pé oṣù mẹ́ta.

Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́.
Ìyáàfin Ọdúyẹmí, tó ń ṣírò owó,
fi ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà,
ó tún kọ ọ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà, kó má baà gbàgbé ọjọ́ tó bímọ.
Mo ní kó yí i padà.
Ó yí i sí ọjọ́ ìbí ọmọ kejì.
Ọ̀gá Odùlámì ní òun kò ní fi ìka ṣílẹ̀kùn:
"Ṣé olè ni mí nínú ilé ara mi?"
Mo ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀kùn tí kò mọ ojú onílé,
olè ló máa mọ̀."

Ọjọ́ Tusidé kan, aago márùn-ún ku díẹ̀,
nọ́ńbà kẹtàdínlógójì bọ́ lọ́wọ́ wa.
Ṣótáyọ̀ ni, tó ń ra obì jọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìsarà.
Ó fi fóònù onífóònù pè mí láti Ògèrè, láàárín àwọn tírélà;
mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.
"Mi ò rí i mọ́. Bóyá wọ́n yọ ọ́ lápò mi."

Ohun tó wà nínú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó:
orúkọ igba àgbẹ̀, iye tí a ń san fún wọn,
nọ́ńbà àkáǹtì wọn, ọ̀nà abúlé wọn,
ilẹ̀kùn tó já sí àpò Alhájì Dánládì ní Kánò.
Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà níwájú mi.
PA Á RẸ́.

"Ẹ dúró ná," ni Ṣótáyọ̀ wí.
"Ohùn ìyá mi wà níbẹ̀."

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré.
Kò súre fún un. Kò kì í.
Ó kàn ní: "Ewùrà ti wọ́n. Bí o bá ń bọ̀, ra kan dání.
Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ò ń gbọ́?"
Nígbà tó gbé ewùrà dé, èrò ti kún ilé.

Mo máa ń sọ fún wọn: ẹ má kó ẹrù ilé mọ́ ẹrù ọ́fíìsì.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ní fóònù kan ṣoṣo,
ibo ni kó tọ́jú ìyá rẹ̀ sí?

Mo fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Òfin tí èmi fúnra mi kọ kò fàyè gba ẹyọ kan.
Ní ìkeje, àmì kékeré orí àwòrán ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn,
ó kọjú sí Ìbàdàn, eré ló ń sá.
Mo ní, olè rèé.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ọkọ̀ kan ti Kánò dé,
ó yọ nǹkan kan tí wọ́n fi ewé wé.
Ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ obì ló sùn sí láti ọjọ́ yìí wá.
Kò sí olè kankan.
Mo fi iná sí i, ó tàn, ojú rẹ̀ funfun báláú,
ó kí Ṣótáyọ̀ káàbọ̀ bí àlejò,
ó bi í pé èdè wo ló ń sọ.

Ìlà tuntun ti wà nínú ìwé mi báyìí.
Kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní fóònù, mo máa bi í:
kí ló máa wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tiwa?
Wọ́n kọ ọ́: àwòrán ìgbéyàwó, àdúrà, ìwé gbèsè.
Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún wọn.

Iwájú nọ́ńbà kẹtàdínlógójì ṣì ṣófo.